Bí a ṣe ń mọ oúnjẹ Bódìjà, láti orí àkàrà àárọ̀ títí dé orí súyà alẹ́

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó gbé Bódìjà fún ọdún mọ́kànlá láìjẹ àkàrà àdúgbò náà rí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn àkàrà. Ìgbà tó bá fi máa ṣí géètì láago mẹ́jọ ààbọ̀, alákàrà ti sọ agbada kalẹ̀, ó ti gbá ìdí ààrò, ó ti lọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń gbé àdúgbò nìyẹn. Oúnjẹ ò jìnnà sí wa rárá. Aago rẹ̀ la ò mọ̀, a ò sì mọ ẹni tó ń sè é.

Bódìjà tún wá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ la ẹ̀sítéètì náà ní Ìbàdàn: ilé onígéètì, ọgbà tó ní igi, títì tó tò létòlétò. Ẹni tó bá fi mọ́tò gba àárín rẹ̀ kọjá lè rò pé oúnjẹ kan ò sí níbẹ̀ ju ti àwọn ilé oúnjẹ ńlá tó dojú kọ títì, tí wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bẹ́ẹ̀ etí àdúgbò ni oúnjẹ Bódìjà wà: ojú ọjà, oríta, ẹ̀yìn ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń jókòó sí, iwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, àti Àgbòwó tó kọjú sí i. Ẹ ní láti wá a lọ.

Oṣù kan ni mo fi díwọ̀n ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹni tó ń gbé Àkóbọ̀ tàbí Ìkòròdú lè lò ó fún àdúgbò tirẹ̀, àmọ́ Bódìjà ni mo mọ̀, òun ni màá máa tọ́ka sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín

Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ nílé. Ẹni tó ti gíláàsì mọ́tò pa kì í gbọ́ òórùn irú, kì í sì í gbọ́ ìró epo tó ń ta nínú agbada. Ẹ mú òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kan, kí ẹ wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, kí ẹ rìn láti Bódìjà Àtijọ́ gba òpópónà Awólọ́wọ̀, kí ẹ yà sí Oṣùntókun, kí ẹ dé Bódìjà Tuntun títí lọ sí ọ̀nà Àṣí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba ojú ọjà lọ sí ẹnu géètì yunifásítì, kí ẹ sọdá sí Àgbòwó. Ẹ má tíì jẹ nǹkan kan. Ẹ kàn máa wo ibi tí ààrò wà, ibi tí bẹ́ǹṣì wà, ibi tí èèyàn tò sí, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ kọjá níbẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa béèrè. Ọ̀nà ìbéèrè ló ṣe pàtàkì jù nínú ìgbésẹ̀ yìí. Bí ẹ bá bi èèyàn pé, "Níbo ni oúnjẹ ti dùn ládùúgbò yìí?", ibi tó lókìkí ló máa dárúkọ fún yín, ó sì lè má tíì débẹ̀ rí. Ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti jẹun lánàá?" Ẹni yẹn á sọ ibi tó ń fi owó ara rẹ̀ jẹun sí. Ẹ bi awakọ̀ Máíkírà, ẹ bi mẹ́gáàdì, ẹ bi bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹlòmíràn. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ àti mẹkáníìkì ló mọ̀ jù. Owó ọwọ́ wọn ò pọ̀, ebi iṣẹ́ sì ń pa wọ́n, nítorí náà wọ́n mọ ẹni tó ń bu oúnjẹ tó yó èèyàn, wọ́n mọ ẹni tó ń fi ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ láìfajúro, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ìyá olóúnjẹ kì í fúnra rẹ̀ sè.

Ẹ má retí pátákó orúkọ. Ohun tó wà nítòsí la fi ń pe ilé oúnjẹ níbí. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni Àmàlà Skye: orúkọ báńkì tó wà lágbègbè ibẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Báńkì náà ti di Polaris láti 2018, àmàlà ṣì ń jẹ́ Skye. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé "ti ìdí máńgòrò" tàbí "ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì", bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: àárọ̀, kí oòrùn tó le

Ẹ dìde kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ alákàrà, kí ẹ má sì kàn na owó sí i. Ẹ kí i: "Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ o." Lẹ́yìn náà, ẹ dúró kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Alákàrà tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà lílọ̀ rẹ̀ jókòó kalẹ̀ sínú ọpọ́n. Á máa pò ó láàrin bíbù kan sí òmíràn. Afẹ́fẹ́ tó ń wọnú ẹ̀wà nígbà yẹn ló ń jẹ́ kí inú àkàrà fúyẹ́. Èyí tí wọn ò pò dáadáa máa ń ki, bó bá sì tutù, ó di ohun tí eyín ń bá jà. Bí ẹ̀wà bá ṣàn jù ńkọ́? Yóò fẹ̀ sójú epo pẹrẹsẹ, yóò sì fa epo mu. Ẹ wo epo náà fúnra rẹ̀: bó bá ti dúdú, tó ń yọ ìfóòfó, tó ń ta yín nímú, epo àná ni, tàbí ti ìjẹta pàápàá.

Ẹ ra díẹ̀, kí ẹ jẹ ẹyọ kan níbẹ̀ ní gbígbóná. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó bó ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa, nítorí èèpo ẹ̀wà máa ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Ìyókù, ẹ mú un lọ pẹ̀lú ẹ̀kọ inú ewé, ọ̀gì gbígbóná, tàbí búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Èmi fẹ́ràn ẹ̀kọ tútù sí i jù, nítorí ẹ̀kọ kì í bá àkàrà du adùn.

Ẹlẹ́wà náà máa ń jáde láàárọ̀. Ẹ wá ẹ̀wà àgọ̀yìn, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara àwọn obìnrin etíkun Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tó mú un wá bá wa. Ata rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà ni wọ́n ń dín nínú epo pupa fún ìgbà pípẹ́ títí á fi dúdú, tí epo á léfòó sójú rẹ̀. Ata tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n kánjú gbé e kúrò lórí iná ni. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ dé ibi tí ẹ̀yìn ṣíbí lè tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀sán, àmàlà

Níbí ni mo fẹ́ kí a ti jókòó pẹ́. Ẹni tó bá ní òun mọ oúnjẹ Ìbàdàn, tí kò lè sọ ìdí tí àmàlà ibì kan fi ju ti ibòmíràn lọ, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí èlùbọ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n gé, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n sá sí oòrùn títí ó fi gbẹ dáadáa, òun ni wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Ìgbà tí iṣu bá ń gbẹ ló ti ń pọ́n dúdú, kò sí ẹni tó pa á láró. Àwọn tó ń jẹ láfún, tí í ṣe ti ẹ̀gẹ́, mọ̀ pé ó funfun. Àwọn ará Ẹ̀gbá fẹ́ràn rẹ̀. Ní Bódìjà, bí ẹ bá sọ pé àmàlà láìsọ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ti iṣu ni wọ́n máa bù fún yín. Púpọ̀ nínú èlùbọ́ yìí ń ti Òkè-Ògùn wá, láti ìhà Ṣakí àti àwọn ìlú tó yí i ká.

Ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá sí aago kan, nígbà tí ìkòkò kìíní ń jáde. Bí àyè bá wà, ẹ jókòó sí ibi tí ẹ ti lè rí ẹni tó ń ro ó. Omi á hó yaya, wọ́n á da èlùbọ́ sí i, wọ́n á fi ọmọrogùn rò ó kó má baà díkókó, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á dé e kó hó díẹ̀ sí i, wọ́n á tún rò ó. Dídé tí mo sọ yẹn ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò. Àmàlà tí wọn ò dé kó jinná máa ń ní òórùn èlùbọ́ tútù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Èyí tó jinná máa ń dán, ó máa ń fà díẹ̀, tí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò padà sípò.

Ọbẹ̀ ló kàn. Àbùlà ni a ń pe gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata tí wọ́n bù lé ara wọn. Ìmọ̀ràn mi tó ṣe pàtàkì jù nìyí: kí ẹ tó lú wọn pọ̀, ẹ fi òkèlè kékeré tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Gbẹ̀gìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kàn. Kó kúnná, kí hóró ẹ̀wà má sí nínú rẹ̀, kó má sì ní òórùn kíkan kankan, nítorí ọbẹ̀ ẹ̀wà tètè ń bà jẹ́ nínú ooru. Bí ahọ́n yín bá gbọ́ ìkan díẹ̀ láago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má jẹ ẹ́. Ewédú ló tẹ̀lé e: kó fà, kó ní irú, kó má sì ṣe àwọ̀ ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi káún jù, ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu, á dà bí ẹni tó lá ọṣẹ. Ọbẹ̀ ata ni ìkẹyìn, torí ata ló máa ń bo gbogbo àṣìṣe àwọn méjèèjì yòókù mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ata bẹ̀rẹ̀ ti pàdánù ohun tó wá kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹran: ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sí abọ́. Owó àmàlà kò tó nǹkan lára owó tí ẹ máa san, ẹran ló máa ń gbé e sókè. Ẹ kọ́ orúkọ wọn, nítorí kò sí ẹni tó máa tú u fún yín nígbà tí èèyàn ogún bá wà lẹ́yìn yín: ṣàkì, abọ́dì, fùkù, ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́, bọ̀kọ́tọ̀, ògúnfe. Ṣàkì ni mo fi ń dán alámàlà wò. Fífọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. Ẹni tó bá fọ ṣàkì rẹ̀ mọ́ tóńtó, ó ṣeé ṣe kó fọ gbogbo nǹkan yòókù mọ́. Pọ̀nmọ́ ni kí ẹ fi imú yẹ̀ wò, nítorí àwọn kan ń fi táyà jó awọ ẹran, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò pátápátá. Bó bá ń rùn bí rọ́bà tàbí kẹrosíìnì, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má ná oúnjẹ tí wọ́n ti sè. Ọjà ni a ti ń ná nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ ọbẹ̀ sí i, ẹ sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọbẹ̀ díẹ̀ kún un." Ẹ mú owó kéékèèké dání. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba tránsífà báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú, tí ìlà sì gùn, ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ ló máa tètè jẹun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìrọ̀lẹ́

Eléyìí ò gùn. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ni oníbọ́ọ̀lì, onídùndún àti alágbàdo ń jáde. Bọ́ọ̀lì tó dára, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀, wọ́n sì ń yí i lórí ẹ̀yín iná láìdúró. Ẹ fi ẹ̀pà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni súyà ń yá. Ẹ ní kí onísúyà gé ẹyọ kan fún yín tọ́ wò, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹran náà jinná dé inú. Àwọn mai ṣáyì, tó ń po tíì, tó sì ń dín ẹyin, ló máa ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Lẹ́bàá Àgbòwó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé mọ́jú, wọ́n máa ń pẹ́ gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọ inú ọjà

Ọdún 1987 ni wọ́n kó àwọn olóúnjẹ tútù kúrò ní Oríta Mẹ́rin wá sí Ọjà Bódìjà. Láti ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni ìkòkò púpọ̀ ní Ìbàdàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú irin gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ máa wo ẹ̀yìn yín. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmátò àti tàtàṣé wá láti Òkè Ọya. Iṣu àti èlùbọ́ ń ti Òkè-Ògùn wá. Tí ẹ bá jẹ gbẹ̀gìrì lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí yìí ni ẹ̀wà rẹ̀ ti wá. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wọlé nìyẹn.

Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, láago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ mú àpò tó lágbára lọ. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ pe alábàárù, kí ẹ sì bá a fẹnu kò sí iye owó kó tó gbé e sórí. Bí ẹ bá dé ìsọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ sọ pé, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá." Á ní "Àṣẹ", ojú rẹ̀ á sì tú ká. Ẹni tó kí yàtọ̀ sí ẹni tó kàn da ọwọ́ sínú ẹ̀wà èèyàn.

Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà, gààrí àti èlùbọ́. Ẹ wo ìdí kóńgò: àwọn kan ti lù ú sókè láti ìsàlẹ̀, kó má gba iye tó yẹ. Lẹ́yìn tó bá ti wọ̀n ọ́n tán, ẹ béèrè ènì. Ẹ̀tọ́ oníbàárà ni, kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà sè fún ẹni tó ń tà á, á mú èyí tó yẹ fún yín. Olóyin dùn fún ẹ̀wà sísè. Ṣùgbọ́n ẹ kó ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀, ní 2019 ni wọ́n sì fòfin de ìgò kéékèèké oògùn Sniper. Ẹ̀wà tó ń ta imú, tí kò ní ihò kòkòrò kan ṣoṣo nínú gbogbo àpò, ẹ rìn kúrò nídìí rẹ̀. Èmi gbà kí n ṣa hóró tí kòkòrò jẹ dànù ju kí n jẹ oògùn lọ. Epo pupa náà, ẹ dà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Epo gidi kì í pupa bí ẹ̀jẹ̀, kì í sì í fi àró sílẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́.

Ẹ wá wàrà kí ẹ tó jáde. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é: wàrà màlúù ni wọ́n ń gbé kaná, omi ewé bọmubọmu ni wọ́n ń fi mú un dì, wọ́n á wá dà á sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi rẹ̀ ro. Inú omi rẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Ẹ fọ̀ ọ́ nílé, ẹ fi iyọ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ dín in lọ́jọ́ náà gan-an. Kò ní dúró dè yín di ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ se gbẹ̀gìrì fúnra yín lẹ́ẹ̀kan

Títí ẹ ó fi se é, ẹnu lásán ni ẹ fi ń ṣèdájọ́. Agolo mílíìkì 2 ẹ̀wà tó fún èèyàn 4. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ fi ọwọ́ ra á títí gbogbo èèpo á fi bọ́, kí ẹ sì máa ṣan èèpo náà dànù. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tó bò ó dáadáa. Ẹ má fi iyọ̀ sí i nígbà yìí. Ẹ máa fi omi gbígbóná kún un bó bá ń gbẹ. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, yóò rọ̀ dé ibi tí yóò fi máa tú fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìjábẹ̀ jà á, kí ẹ sì sẹ́ ẹ bí hóró bá kù. Ìgbà náà ni kí ẹ fi ata lílọ̀, iyọ̀, epo pupa díẹ̀ àti irú sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú 10 sí i lórí iná kékeré. Kó ṣàn bí ọ̀gì tó fúyẹ́, nítorí yóò ki sí i bó bá ń tutù. Ẹ máa rò ó ní ìsàlẹ̀ kó má jó. Mo jó tèmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé iná kékeré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, láti ìgbà yẹn ni mo sì ti ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin tó ń se ìkòkò ńlá rẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ kó jó.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ padà lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ má ṣèdájọ́ ilé oúnjẹ kankan lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ni ohun tó wà nínú ìwé tèmi lórí búkà kan ṣoṣo:

Ìṣẹ́gun, aago 1:10. Gbẹ̀gìrì ṣàn jù, ewédú níyọ̀. Ọmọ ló ro àmàlà, ìyá lọ ìsìnkú.
Ọjọ́bọ̀, aago 12:20. Ìyá wà níbẹ̀. Gbẹ̀gìrì kúnná, ṣàkì mọ́. Mo jẹ títí mo fi lá ọwọ́.
Ẹtì, aago 3:00. Gbẹ̀gìrì ti tán. Ọbẹ̀ ata nìkan ló kù, ó dùn.

Bí mo bá dúró lórí ti Ìṣẹ́gun ni, màá ti sọ fáwọn èèyàn pé ibẹ̀ ò dára, màá sì ti ba òwò obìnrin tó mọṣẹ́ jẹ́. Ohun tí ẹ máa kọ ò ju márùn-ún lọ: ohun tí ẹ jẹ, ọjọ́ àti aago, ẹni tó sè é, iye tí ẹ san, àti ohun tí ẹ fẹ́ padà lọ tọ́ wò.

Nígbà tí ẹ bá ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ti dá yín mọ̀. Ìmọ̀ tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Alákàrà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ wò mí lójú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ má ra tèmi lónìí o, ẹ̀wà tí wọ́n tà fún mi ò dáa. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó wà lókè yẹn." Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mi ò ní fi í sílẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ṣọ́ ìmọ́tótó láìṣe fújà

Ẹ wo ohun mẹ́rin: omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, bóyá wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ìdérí ìkòkò, ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ, bóyá òun náà ló ń gba owó, àti bí èèyàn ṣe ń wọlé. Ibi tí èrò pọ̀ sí, oúnjẹ kì í pẹ́ nínú ìkòkò. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára píọ̀ wọ́tà. Nígbà òjò, tí kọ́lẹ́rà máa ń jà, ẹ jẹ ohun tó bá gbóná tó ń yọ èéfín nìkan. Máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n lára pátápátá bí ẹni kùn ún lọ́dà, tí inú rẹ̀ wá le, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi kábáídì pọ́n ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ jẹ́ kí ọdún yí po

Oṣù kan á fún yín ní aago ojúmọ́, ọdún ló ń fúnni ní ìyókù. Àgbálùmọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kejìlá, máńgòrò á tẹ̀lé e. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àgbàdo tútù dé, ìgbín dé, olú dé fún ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Iṣu tuntun ń kún ọjà ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Ó dára fún sísè, àmọ́ omi rẹ̀ pọ̀ fún iyán. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewédú máa ń wọ́n, ẹ má sì bínú sí alámàlà tó bá bu díẹ̀. Nígbà Ràmàdánì, àwọn alákàrà kan máa ń yí aago wọn padà sí ìrọ̀lẹ́, kí ó lè bá ìṣínu mu. Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, tó máa ń jí pẹ́ yẹn, ìgbà náà ló kọ́kọ́ jẹ àkàrà Bódìjà.

Ìgbésẹ̀ tó kù: bí ẹ bá fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn

Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ ya oúnjẹ, ẹ má ya ojú èèyàn àfi bó bá gbà. Bí ẹ bá máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ aago àti ọjọ́ mọ́ ọn, kí ẹni tó bá lọ má baà débẹ̀ láago márùn-ún kó máa bú obìnrin tó ti ta gbogbo ọjà rẹ̀ tán láago méjì.

Kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù wọn. Wọ́n máa ń la títì, onílẹ̀ máa ń lé èèyàn, ìsọ̀ tó wà lánàá lè má sí lónìí. Ẹlẹ́wà kan tí mo fẹ́ràn pòórá lójijì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wá a. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló júwe rẹ̀ fún mi níkẹyìn: ó ti kó wọ ẹ̀yìn ilé kan lọ́nà Àṣí, kò sí pátákó, kò sí bẹ́ǹṣì. Mo bá a níbẹ̀ láago méje àárọ̀, ìkòkò rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì ń lò. Ó bu ẹ̀wà fún mi kó tó béèrè iye tí mo fẹ́ rà.